Tẹmọ́sítáàtì
Ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni Whitewater, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ń bójú tó iná nígbà òtútù ní láti wọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan kí ó tó mọ èyí tó tutù jù. Warren Johnson, olùkọ́ níbẹ̀, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ ní 1883 lórí ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná lu aago fún un. Aago lásán ni; ènìyàn ṣì ni yóò lọ tún iná ṣe. Albert Butz ní Minneapolis ló mú kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣí ojú afẹ́fẹ́ iléru èédú bí yàrá bá ti tutù. Ọ̀nà yìí náà ni ẹ̀rọ amúlégbóná onígáàsì inú gáréèjì ń tọ̀ lónìí: gáàsì kì í gba inú tẹmọ́sítáàtì kọjá, wáyà tín-ín-rín méjì, tí iná wọn sábà máa ń jẹ́ 24 fóòtì, ni ó ń so pọ̀ tàbí kí ó já, kí fáàfù gáàsì tó ṣí tàbí kí ó tì.