Òwe tí ikú pa fún àwọn awakùsà Schneeberg

Àwọn àgbà wa ní ikú tí ń pa ojúgbà ẹni, òwe ni ó ń pa fún ni. Ní Schneeberg, ní ìlà oòrùn Jámánì, ikú pa òwe yìí fún àwọn awakùsà fún nǹkan bí 400 ọdún kí ẹnikẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀.

Fàdákà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí ara wọn le a wọ inú ihò. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọn a máa wúkọ́, wọn a rù, wọn a sì kú. Georgius Agricola, oníṣègùn tí ó ti gbé ní Joachimsthal tí kò jìnnà síbẹ̀, kọ ìwé lórí ìwakùsà, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1556. Eruku ni ó di ẹ̀bi rù. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé abẹ̀bẹ̀ àti ewìrì tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ihò.

Ní 1879, Härting àti Hesse fi hàn pé kókó burúkú inú ẹ̀dọ̀fóró ni àrùn náà. Ní 1898, Marie àti Pierre Curie rí radium nínú òkúta dúdú Joachimsthal. Ní 1900, Friedrich Ernst Dorn rí i pé gáàsì kan ń jáde lára radium. Radon ni a ń pè é lónìí: kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ohun tí ó ń dà ni ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró.

Ojú ọjọ́ ni ó ń darí gáàsì yìí. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ inú ihò gbóná ju ti òde lọ. Ó ń gba ẹnu ihò òkè jáde, afẹ́fẹ́ tútù sì ń gba ìsàlẹ̀ wọlé. Nígbà ooru, ọ̀nà rẹ̀ a yí padà. Bí inú àti òde bá gbóná dọ́gba, afẹ́fẹ́ a dúró sójú kan, radon a sì kójọ. Bí afẹ́fẹ́ òde bá fúyẹ́ nígbà tí ìjì ń bọ̀, àpáta a tú púpọ̀ sí i jáde. Omi tí ń sun nínú àpáta pẹ̀lú ń gbé e wọlé.

Síbẹ̀, lẹ́yìn tí a ti mọ orúkọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Wismut bẹ̀rẹ̀ sí í wa uranium lágbègbè náà ní 1946, láìsí afẹ́fẹ́ tí ó tó ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakùsà ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró mú.

Ní Akouta, ní Niger tí ó bá Benin pààlà, a wa uranium lábẹ́ ilẹ̀ láti 1978 títí di 2021. Nítorí náà, ìtàn Schneeberg kàn wá. Kí ọmọ wa tó sọ̀kalẹ̀ sínú ihò kankan, ẹ jẹ́ kí a bèèrè: ibo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibo ni ó ń gbà jáde, ta sì ni ó ń wọ̀n ọ́n?