Ìṣísẹ̀ Mélòó Ló Wà Láàárín Síńkì àti Sítóòfù?

Ilé ìdáná tí a mọ̀ lónìí, tó wà nínú ilé, tó ní síńkì, sítóòfù gáàsì àti kábínẹ́ẹ̀tì lára ògiri, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ìyá wa àgbà ti ń dáná. Ààrò mẹ́ta tí kì í da ọbẹ̀ nù wà nílẹ̀, àpótí ìjókòó wà, gbogbo ohun tí wọ́n nílò sì wà ní àrọ́wọ́tó. Kò sí kábínẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ètò wà níbẹ̀.

Kì í ṣe pé a ò ní káfíńtà o. Àwọn Àgùdà tó padà wálé láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mú iṣẹ́ igi tó dáńtọ́ wá sí Èkó. Ọ̀kan nínú wọn, Balthazar dos Reis, gba àmì ẹ̀yẹ onídẹ níbi ìpàtẹ ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1886, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní 1894 ni wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, èyí tí João Baptista da Costa kọ́. Àwọn oníṣẹ́ báyìí mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ihò sára igi kan, kí wọ́n gbẹ́ orí igi kejì kó wọ inú rẹ̀, kí méjèèjì sì dì mọ́ra láìsí ìṣó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn, fèrèsé, àga àti tábìlì ni wọ́n ń ṣe. Ilé ìdáná ṣì wà lẹ́yìnkùlé.

Òkè òkun ni ìwọ̀n ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1926, obìnrin kan tó ń yàwòrán ilé, Margarete Schütte-Lihotzky, ọmọ Austria, ṣètò kíṣíìnì kan fún àwọn fúláàtì tí ìlú Frankfurt ní Jámánì ń kọ́. Kò ju nǹkan bíi mítà 1.9 sí 3.4 lọ. Ó wo kíṣíìnì inú ọkọ̀ ojú irin, ó wọn àkókò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà, ó sì dín ìṣísẹ̀ kù. Nǹkan bíi 10,000 irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ẹni tó bá ń kọ kóòdù, bíi tèmi, á mọ ohun tó ṣe: ó wá ibi tí iṣẹ́ ti ń falẹ̀, ó sì tún un ṣe.

Nígbà tí ìjọba tiwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fúláàtì, kíṣíìnì wọlé. Wọ́n dá LSDPC sílẹ̀ ní 1972, ó sì kọ́ ilé sí Oko Ọba ní Agége pẹ̀lú. Lónìí, onílé á pe káfíńtà pé kó wá tú kíṣíìnì àtijọ́ ká, kó ṣe tuntun. Á na fóònù sí i: “Bó ṣe rí nínú fọ́tò yìí ni mo fẹ́ o.”

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Fọ́tò yẹn ò mọ̀ pé a máa ń ro àmàlà. Bí pẹpẹ iṣẹ́ bá ga tó sẹ̀ntímítà 90, tí sítóòfù wà lórí rẹ̀, tí ìkòkò ńlá tún wà lórí sítóòfù, apá wo lẹ fẹ́ fi ro ó? Fọ́tò ò mọ odó, kò mọ kẹ́ẹ̀gì omi tí a tọ́jú de ọjọ́ tí ẹ̀rọ kò ní yọ. Káfíńtà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ béèrè pé: “Mà, ta ló ń se oúnjẹ nílé yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí kí n wọn gíga yín.”

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ igi. Ìrókò àti ọ̀gánwó ti wọ́n gan-an, nítorí náà pátákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gúlúù tẹ̀ pọ̀ ló pọ̀ jù. Kò burú. Àmọ́ omi ni olùdánwò rẹ̀. Bí wọn ò bá dí etí rẹ̀ dáadáa, omi abẹ́ síńkì á wọ̀ ọ́, á wú, ìṣó oníyíyí á sì tú kúrò lójú ihò rẹ̀. Iwájú lè máa dán gbinrin kí abẹ́ ti jẹrà.

A mọ orúkọ dos Reis lónìí nítorí pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló ń kọ orúkọ àwọn ọ̀gá Oko Ọba sílẹ̀? Tí ẹ bá tún fẹ́ ṣe kíṣíìnì, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ síńkì iṣẹ́ tí káfíńtà yín ṣe kọjá. Bí ibẹ̀ bá dára, ẹ san owó rẹ̀ pé, kí ẹ sì bi í pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́.