Ta Ló Pa Ẹja Náà?

Ẹ má jẹ́ á tan ara wa: ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń gbé àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì, inú fíríìsà ìyá ẹlẹ́ja la mọ ẹja sí. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Èkìtì yìí náà, ní Ìgèdé, ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, Ùrèjé sì ń ṣàn ní Adó níbí.

Àgbẹ̀ ni àwọn baba wa, wọn kì í ṣe apẹja bí ará Ìlàjẹ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ odò. Wọ́n ní ìwọ̀ tí wọ́n ń fi ekòló há lẹ́nu, wọ́n ní àwọ̀n, wọ́n sì ń hun ìgèrè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a fi amọ̀ dí odò kékeré, wọn a gbọ́n omi rẹ̀ títí àrọ̀ yóò fi máa jà nínú ẹrẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé àrọ̀ a máa sá sábẹ́ gbòǹgbò lọ́sàn-án, òru ló ń jẹ̀. Pé ìgbà tí òjò bá kún odò ló ń yé ẹyin. Ẹpìyà ní tirẹ̀ ń fẹ́ ibi tí omi ti rọ̀.

Ìgbà tí kòkó di owó ni ọ̀ràn yí padà. Gàmàlíìn 20, oògùn tí à ń fín sí kòkó nítorí kòkòrò, di oògùn ẹja lọ́wọ́ àwọn kan. Mo kéré nígbà tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi bá ẹja lójú omi, ńlá àti wẹ́wẹ́, gbogbo wọn dojú ikùn kọ oòrùn. A fò fáyọ̀, a kó o délé. Ìyá mi àgbà gbóòórùn rẹ̀, ó ní, “Ẹja tí ẹ kò pa, ta ló pa á?” Ó gbẹ́lẹ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, òfìfo ni ìgèrè wa ń jáde. Ẹni tó da oògùn sódò pa ìyá, ó pa ọmọ, ó tún pa oúnjẹ wọn.

Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹja odò, ti 1992, ka májèlé àti ohun abúgbàmù léèwọ̀. Ní 2009, àdéhùn Stockholm fi lindane, èròjà inú Gàmàlíìn, kún àwọn oògùn tí ayé ń kọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kọ́ ló ń ṣọ́ odò. Ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, níbi tí ọdún ẹja ti bẹ̀rẹ̀ ní 1934 láti fi ṣàmì àlàáfíà pẹ̀lú Ṣókótó, àwọ̀n ọwọ́ àti igbá ni wọ́n fi ń wọ odò, wọn kì í sì í pẹja níbẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ìwọ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kọ́kọ́ bi àwọn onílẹ̀ léèrè, nítorí odò mìíràn wà tí a kì í pa ẹja rẹ̀. Má dá wọ odò. Bí òjò bá ṣú lókè, jáde. Èyí tó kéré, dá a padà; àrọ̀ tó gbé ẹyin, jẹ́ kó lọ. Bí o bá sì bá ẹja lójú omi tí ẹnìkan kò fi ìwọ̀ mú, rántí ìbéèrè ìyá mi àgbà kí o tó gbé ìkòkò kaná.