Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Asáré: Títò Ó fún Títì àti fún Pápá

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pe gbogbo ohun tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀: sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì, áàmù òkè àti ti ìsàlẹ̀, búùṣì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti irin sítébuláísà. Orúkọ náà bá a mu gan-an. Ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe lára ènìyàn náà ni wọ́n ń ṣe lára ọkọ̀: wọ́n ń gbé e dúró, wọ́n sì ń jẹ́ kó lè tẹ ilẹ̀ tí kò tẹ́jú láìtàsé. Àyọkà yìí dá lórí ọkọ̀ asáré tí olówó rẹ̀ ń gbé lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tó sì ń gbé lọ sí pápá eré ọkọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, láìjẹ́ pé eré ọkọ̀ ni iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Mazda MX-5 àkọ́kọ́, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata, ni a ó máa tọ́ka sí jù. Bóyá ni ọkọ̀ mìíràn wà tí àwọn olólùfẹ́ pápá ti tú ẹsẹ̀ rẹ̀ wò tó o.

Pápá kì í ṣe bákan náà

Ibi tí ènìyàn fẹ́ lọ sáré ló yẹ kó kọ́kọ́ rò kó tó ra ohunkóhun. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ SCCA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944, ní eré kan tí wọ́n ń pè ní Solo. Wọ́n á fi kóònù to ọ̀nà sí àyè ìgbọ́kọ̀sí tó fẹ̀, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì sá tirẹ̀ lóun nìkan. Aago ló ń bá du ú. Ọkọ̀ tó bá tètè ń yí ló ń gbayì níbẹ̀. Ní Ìlú Ọba, owó odindi ọjọ́ kan ni wọ́n ń san, wọ́n á dé akoto, wọ́n á sì máa yí pápá po láìsí ife ẹ̀yẹ kankan. Ní Jámánì, ọ̀nà Nordschleife ní Nürburgring, tí wọ́n ṣí ní 1927, gùn tó 20.8 km, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí ẹnikẹ́ni lè sanwó wọ ibẹ̀. Ọ̀nà náà ń gòkè, ó ń sọ̀, ó sì kún fún ibi tó yọ gọngọ. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí igi á máa fò níbẹ̀, nígbà tí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ń tẹ ilẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Ibi tí ìmọ̀ náà ti wá

Maurice Olley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi Rolls-Royce sílẹ̀ lọ sí Cadillac ní 1930, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ lé orí ìwọ̀n. Ó ṣe ọkọ̀ kan tí wọ́n lè máa ti ẹrù rẹ̀ síwájú sẹ́yìn, kí wọ́n fi ara wọn mọ bó ṣe ń fì. Ohun tó rí nìyí: ó yẹ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ máa fì yára ju iwájú lọ díẹ̀. Táyà iwájú ló ń kọ́kọ́ kó sí gálọ́ọ̀pù, tẹ̀yìn á tẹ̀lé e. Bí ẹ̀yìn bá yára díẹ̀, á lé iwájú bá, gbogbo ọkọ̀ á gòkè á sọ̀ pa pọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ á máa ki orí mọ́lẹ̀ á máa gbé e sókè bí alángbá. Títí dòní, ẹni tó bá ń yan sípíríǹgì fún títì ṣì ń gbọ́ràn sí Olley lẹ́nu.

Ẹnìkejì tí a kò lè fò ni Colin Chapman, ẹni tó dá Lotus sílẹ̀. Lotus Elan rẹ̀, tó jáde ní 1962, fúyẹ́, sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń di kọ́nà mú débi tí ojú ń ti àwọn ọkọ̀ ńláńlá. Irú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́kàn àwọn òṣìṣẹ́ Mazda nígbà tí wọ́n gbé MX-5 jáde ní Chicago ní oṣù kejì 1989. Nǹkan bí 950 kg ló wúwo, áàmù òkè àti ti ìsàlẹ̀ sì wà ní ìdí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Japan ni jinba ittai, pé kí ẹṣin àti ẹni tó gùn ún di ọ̀kan. Ní oṣù kẹrin 2016, iye tí wọ́n ti ṣe pé mílíọ̀nù kan.

Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin

Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti fara kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yìí ni ọkọ̀ fi ń sáré, òun ló fi ń yí, òun náà ló fi ń dúró. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni kó jẹ́ kí wọ́n fẹ̀ délẹ̀ nígbà gbogbo. Nítorí náà, ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò bá pọ̀, táyà gidi ni kó kọ́kọ́ rà, kó fi ìyókù ṣe aláìnìmẹ́ńtì, ìyẹn títò bí táyà ṣe dúró àti ibi tó kọjú sí. Sípíríǹgì lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Bí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà, ara rẹ̀ á tẹ̀ síta, á sì fẹ́ yí táyà tó wà lóde lé etí òde rẹ̀. Nítorí èyí ni a fi ń jẹ́ kí orí táyà dà sínú díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Ìyẹn ni káńbà. Fún MX-5 tó ń rin títì, dìgírì 1 níwájú àti 1.5 lẹ́yìn bójú mu. Àwọn tó ń lọ pápá déédéé máa ń gbé tiwájú lọ sí 2.5 tàbí 3. Ẹni tó ń ṣe méjèèjì á dúró ní àárín, bí 2 níwájú, yóò sì gbà pé etí inú táyà òun á tètè jẹ díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń di ẹ̀bi táyà tó jẹ nínú ru káńbà, ṣùgbọ́n ibi tí imú táyà kọjú sí ló ń jẹ ẹ́ jù. Imú táyà iwájú méjèèjì lè kọjú síra, ó sì lè ya síta. Bí ó bá ya síta ní mílímítà 1 sí 3, ọkọ̀ á máa fi ìháragàgà wọ kọ́nà, ẹni tó ń sáré láàrin kóònù á sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí títì márosẹ̀, ọkọ̀ náà á máa wá gbogbo ipa táyà ọkọ̀ ńlá kiri, ọwọ́ awakọ̀ kò ní sinmi. Kí tiwájú gún régé ló dára jù fún ẹni tó ń ṣe méjèèjì. Tẹ̀yìn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú síra díẹ̀, nítorí bí ó bá ya síta pẹ́nrẹ́n, ìdí ọkọ̀ lè gba iwájú mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ ní ọjọ́ òjò.

Kásítà ni bí ẹsẹ̀ iwájú ṣe dà sẹ́yìn lókè, gẹ́gẹ́ bí fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ ológeere. Òun ló ń jẹ́ kí ọwọ́ ọkọ̀ dá padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà. Ó tún ń fi káńbà kún táyà òde bí a bá ṣe ń yí ọwọ́ ọkọ̀ sí i. Èrè tí kì í jẹ táyà nìyẹn, àfi pé ọwọ́ ọkọ̀ á wúwo.

Afẹ́fẹ́ inú táyà náà kò ṣe é fojú fò. Lẹ́yìn ìyípo mélòó kan, ooru lè fi psi 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un, a ó sì jò ó kúrò. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí táyà sì tutù, yóò ti rọ̀ jù. Kí ènìyàn má kúrò ní pápá láìfẹ́ afẹ́fẹ́ padà sí i.

Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì

Sípíríǹgì líle kì í dá mú táyà di ilẹ̀ mú. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín títẹ̀ ara ọkọ̀ kù, kí káńbà tí a ti fara balẹ̀ wọ̀n má baà bàjẹ́ ní àárín kọ́nà. Bí ó bá le kọjá ohun tí ojú ọ̀nà lè gbà, táyà á fi ilẹ̀ sílẹ̀, táyà tó wà lófuurufú kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ ilé lásán máa ń fì bí ìgbà 1 sí 1.5 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún ọkọ̀ asáré tó ń rin títì, 1.5 sí 2 ló bá a mu. Kọjá 2, pápá tó tẹ́jú bí abọ́ nìkan ló yẹ ẹ́.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára sípíríǹgì kọ́ ni táyà ń mọ̀. Bí ó bá jókòó sí àárín áàmù tí ó fi ń rìn mílímítà 7 nígbà tí táyà bá rìn 10, a ó sọ 0.7 di ìlọ́po ara rẹ̀, yóò jẹ́ 0.49. Sípíríǹgì tó ń gba 10 kg kó tó wọlé ní mílímítà kan yóò dà bí 4.9 kg ní ìdí táyà. Nítorí èyí ni nọ́ńbà tó dára lára ọkọ̀ kan kò fi ṣe é kó lọ sára òmíràn.

Sípíríǹgì ń gbé ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kì ló ń pàṣẹ fún un pé ó tó. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni kí owó ti pọ̀ jù lẹ́yìn táyà. Nínú ṣọ́ọ̀kì, ọ́ìlì ń gba ihò tóóró kọjá, ó sì ń sọ ìfì di ooru. Bí ó bá gbóná jù tí afẹ́fẹ́ sì dà pọ̀ mọ́ ọn, á hó bí omi ọṣẹ, ṣọ́ọ̀kì náà á sì rọ̀ ní ìdajì ọjọ́. Christian Bourcier de Carbon, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ronú kan fífi gáàsì tó há gádígádí tẹ ọ́ìlì náà mọ́lẹ̀ nínú páìpù kan ṣoṣo. Bilstein ló gbé e wọ ọkọ̀ Mercedes-Benz ní 1957.

Bí ṣọ́ọ̀kì bá ní ibi tí a ti lè yí i, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọ̀ jù. Kí a wa ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà tí a mọ̀ dunjú, tó ní ibi tó yọ. Bí ọkọ̀ bá ṣì ń léfòó lẹ́yìn tó kọjá ibẹ̀, kí a mú un le díẹ̀, kí a tún lọ. Bí eyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa lu ara wọn, a ti kọjá ibi tó yẹ nìyẹn. Kí a dá a padà ní ìgbésẹ̀ kan.

Rírẹ ọkọ̀ sílẹ̀

Lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, àwọn awakọ̀ mìíràn máa ń ki rọ́bà sáàárín sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè ga kúrò nínú gálọ́ọ̀pù. Àwọn ọ̀dọ́ pápá ní òkè òkun ń ṣe òdìkejì, àwọn kan tilẹ̀ ń fi ayùn gé sípíríǹgì. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé ọkọ̀ tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ jù kì í sáré tó bó ṣe rí lójú. Rírẹ ọkọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ dára, torí pé ìwúwo rẹ̀ á súnmọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ọkọ̀ tó ń lo ìlànà MacPherson, irú èyí tó kọ́kọ́ wọ Ford Consul ní 1950, bí áàmù ìsàlẹ̀ bá ti rọ́ sókè ní ọwọ́ òde, ibi tí ara ọkọ̀ ti ń yí nígbà tó bá ń tẹ̀ á jábọ́ ju ibi tí ìwúwo rẹ̀ wà lọ. Àlàfo àárín wọn á gùn sí i, ọkọ̀ tó wálẹ̀ á sì tún máa tẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá.

MX-5 bọ́ lọ́wọ́ èyí díẹ̀ nítorí áàmù méjì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tirẹ̀: àyè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní láti rìn sókè kéré láti ilé iṣẹ́ wá. Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, ara rẹ̀ á ti jókòó lé rọ́bà ìdádúró inú ṣọ́ọ̀kì. Ní àárín kọ́nà, rọ́bà yẹn á di sípíríǹgì líle lójijì, táyà á sì já.

Iwájú yọ̀ tàbí ìdí yọ̀

Bí iwájú bá ń yọ̀, ọkọ̀ á máa lọ tààrà nígbà tí a ti yí ọwọ́ rẹ̀. Bí ìdí bá ń yọ̀, ẹ̀yìn á fẹ́ ṣáájú. Apá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le jù ló ń kọ́kọ́ yọ̀, sítébuláísà, irin tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì, sì ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti yí èyí padà. Kí a ṣọ́ra fún ìwọ̀n rẹ̀, nítorí líle irin náà ń pọ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Irin tí a mú nípọn láti 20 mm sí 24 mm, tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìyàtọ̀ rẹ̀, ti le ní ìlọ́po méjì. Lórí títì, ó sàn kí iwájú máa kọ́kọ́ yọ̀ díẹ̀, torí pé ẹni tí ẹ̀rù bá bà yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tó ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, iwájú á sì tún di ilẹ̀ mú.

Nídìí iṣẹ́

Àṣìṣe kan wà tó ń ba owó ńlá jẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì tán, ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, áàmù ń rọ̀ dirodiro, wọ́n á sì de bóòtì búùṣì pinpin. Rọ́bà inú búùṣì lẹ̀ mọ́ irin. Yíyí ló ń yí bí áàmù ṣe ń rìn. Bí a bá dè é nígbà tí áàmù rọ̀ sísàlẹ̀, ọkọ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀ ti lọ́ ọ lọ́rùn láìtíì rìn, á sì ya kó tó pẹ́. Ó yẹ kí a fi bóòtì náà sílẹ̀ láìle, kí a gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, kí a mì ín, kí a tó wá dè é pinpin.

Lẹ́yìn èyí ni wíwọn ìwúwo. Ìwọ̀n mẹ́rin ni a ń gbé ọkọ̀ lé, awakọ̀ á sì jókòó sáyè rẹ̀. Àpapọ̀ táyà iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì gbọ́dọ̀ súnmọ́ ìdajì gbogbo ìwúwo: bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 1,040 kg, 520 ni à ń wá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ dà bí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn; yóò mọ ọ̀tún yà ju òsì lọ.

Ní pápá, tẹmómítà abẹ́rẹ́ ló ń sọ òtítọ́. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń wọlé, a ó tì í bọ rọ́bà táyà ní inú, àárín àti òde. Bí òde bá gbóná jù, káńbà kò tó. Bí àárín bá gbóná jù, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Ohun kan ni kí a yí lẹ́ẹ̀kan, kí a kọ ọ́ sínú ìwé kí a tó padà sórí pápá.

Òfin títì yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní Jámánì, sípíríǹgì tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn olùyẹ̀wò kò ní jẹ́ kó kọjá.

Lára MX-5, bóòtì olórí wíwọ́ méjì ló wà ní ìdí áàmù ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Yíyí wọn ló ń yí káńbà padà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi tí títì fẹ́, á fi pupa sí ibi tí pápá fẹ́, á sì sàmì sí táì rọ́ọ̀dù, irin tó ń darí imú táyà, pẹ̀lú, nítorí bí káńbà bá yí, imú táyà náà á yí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó tó gba ilé lọ, á wọ abẹ́ ọkọ̀, á dá gbogbo wọn padà sí funfun, á sì fi sípánà tó ń ka agbára yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò lọ́kọ̀ọ̀kan.