Owó Géètì

Bí ẹ bá dúró ní Agbowó, tí ẹ kọjú sí géètì Yunifásítì Ìbàdàn, tí ẹ wá sọ fún oní-Máíkírà pé géètì lẹ ń lọ, Agódi ni yóò gbé yín lọ, láàárín àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò. Nígbà tí mo ń ṣe kọ̀ńdọ́, a kì í ṣì í. Ẹni tó ń lọ sí yunifásítì á ní "Yúáì". Ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ Èkó á ní "Tóògéètì". Ẹni tó bá ní "géètì" lásán, Agódi ló ń lọ.

Kí géètì tó dé, ibodè la ní. Lẹ́yìn ọdún 1850, Balógun Ìbíkúnlé mọ odi yí Ìbàdàn ká, ó sì fi ibodè sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú, Ìwó àti Ọ̀yọ́. Oníbodè jókòó tì í, ẹni tó bá ru ẹrù kọjá á ka owó ẹyọ sílẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ìjòyè tó ni ibodè.

Ọdún 1948 ni yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé, kó tó kó wá síwájú wa níbí. Géètì tiwọn kì í gba owó ibodè, àwa ará òdìkejì títì là ń gbà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀dì nínú ọgbà á wá yàrá wá sí Agbowó, éjéntì á ní, "Ẹ wò ó, géètì nìyẹn," owó ilé á sì gbéra.

Ní pápá ìṣeré Liberty, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1963, owó géètì làwọn èèyàn san kí wọ́n tó rí ìjà ẹ̀ṣẹ́ láàárín Dick Tiger àti Gene Fullmer. Lẹ́yìn abala keje, Fullmer ò lè jà mọ́.

Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, ló bí Tóògéètì. Oníbodè ló padà dé, àfi pé náírà ló ń gbà. Ìjọba Ọbásanjọ́ fòpin sí owó náà, síbẹ̀ àwọn kọ̀ńdọ́ ò yéé pe Tóògéètì. Bí ìjọba bá tún fẹ́ gba owó níbẹ̀ lọ́la, wọn ò ní wá orúkọ kankan: a ti ń bá wọn tọ́jú ẹ̀.