Ẹ̀wà Nínú Búrẹ́dì: Bí Agége Ṣe Sọ Fúláwà Òkèèrè Di Tirẹ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní agbègbè Pen Cinema ní Agége, àwọn oníbúrẹ́dì ti gbẹ́rù sórí, àwọn ẹlẹ́wà sì ti ṣí ìkòkò. Oníbàárà á ra búrẹ́dì tán, á gbé e fún ẹlẹ́wà. Ẹlẹ́wà á fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láì jẹ́ kó pín sí méjì, á fi ìka ti inú rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí àyè lè wà, á bu ẹ̀wà tó ti jinná rọ̀ sínú rẹ̀, á wá da ata dúdú olóròóró lé e lórí. Epo á máa rin inú búrẹ́dì, ṣùgbọ́n búrẹ́dì ò ní já. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Búrẹ́dì mìíràn á ti fọ́ mọ́ oníbàárà lọ́wọ́ kó tó dé ibùdókọ̀, ti Agége á gba ẹ̀wà, á gba epo, ènìyàn á sì tún lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo dì í mú nínú dáńfó tó kún.

Kò sí ibi tí fúláwà dé láyé tí wọn ò ti wá nǹkan kì sínú rẹ̀. Àwọn ará Ítálì a máa ki wàrà sínú pasítà tó rí bí ìkarahun, wọ́n á da ọbẹ̀ tòmátò lé e, wọ́n á sì gbé e sínú ààrò. Àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń gbé Èkó ń ká ẹran sínú búrẹ́dì pẹlẹbẹ, òun la sì ń pè ní ṣáwámà. Ní Ìkẹjà àti Agége, odidi búrẹ́dì ni ìkarahun. Rélùwéè, oko kòkó, ọjà obì àti fákítírì ló sì gbé e dé ibi tó wà.

Èkó ti mọ búrẹ́dì kí Agége tó mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì dé àti àwọn Sàró tó ti Sierra Leone dé mú oúnjẹ àti àṣà ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ wálé. Ọkọ̀ òkun ló ń kó fúláwà wá, nítorí náà búrẹ́dì kò fi bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní erékùṣù àti etí ọ̀sà. Ẹ̀kọ, àkàrà, iṣu àti gààrí ni àwọn ará oko Agége ń jẹ.

Rélùwéè ló kọ́kọ́ yí ibẹ̀ padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin láti Èkó ní 1896, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta 1901. Ó gba Ìkẹjà àti Agége kọjá. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àwọn oníṣòwò Èkó tí ọjà kò ṣẹnuure fún mọ́ nítorí àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó, yí ojú sí ilẹ̀. Jacob Kẹ́hìndé Coker, tó wà lára àwọn tó dá ìjọ African Church sílẹ̀ ní 1901, ní oko kòkó ńlá ní Ìfàkọ̀. Ní 1907, òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀. Àwọn lébìrà ń rọ́ wá láti ilẹ̀ Yorùbá káàkiri, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ kòkó lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń gbé ìmọ̀ náà padà sí ìlú wọn. Obì tún gbapò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó. Nígbà tí ọ̀nà irin dé Kánò, àwọn Hausa oníṣòwò obì tẹ̀dó sí Agége, wọ́n ń dì í sínú apẹ̀rẹ̀ fún ọ̀nà jíjìn. Bí ibùdókọ̀ rélùwéè tó wà láàárín oko ṣe di ọjà nìyẹn, ibi tí èrò wà ni olóúnjẹ ń lọ.

Ọkùnrin tó tún ayé búrẹ́dì ṣe ní Nàìjíríà, rélùwéè ló gbé òun náà wá. Amos Stanley Wynter Shackleford lorúkọ rẹ̀, ọmọ Jàmáíkà. Ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè nílùú rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òkun wá sí Nàìjíríà ní 1913, láti wá ṣiṣẹ́ ní rélùwéè ìjọba. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó di akọ̀wé ilé iṣẹ́ oníṣòwò kan, ó sì wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ UNIA ti Marcus Garvey ní Èkó. Ẹgbẹ́ yẹn ń wàásù pé kí ènìyàn dúdú dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀, kó má máa dúró de ẹni tó máa gbà á síṣẹ́. Shackleford gbọ́ ìwàásù náà, ó sì ṣe é. Ní 1921, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ẹ̀bùtè Mẹ́tta, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè pọ̀ sí. Nígbà tó máa fi kú ní 1954, iṣẹ́ rẹ̀ ti dé Gold Coast tí í ṣe Ghana lónìí, àwọn ènìyàn sì ti sọ ọ́ ní Ọba Búrẹ́dì Nàìjíríà. Ó yẹ kí àwọn ọmọ Èkó mọ orúkọ yìí bí wọ́n ṣe mọ orúkọ Herbert Macaulay. Ohun tó fi sílẹ̀ kò kúrò lórí tábìlì wa láràárọ̀.

Ẹ̀rọ kan ló jẹ́ kí búrẹ́dì rẹ̀ yàtọ̀, títí di òní olónìí ni wọ́n sì ń lò ó ní ilé búrẹ́dì Agége. Irin róbótó méjì ni, wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ara wọn, wọ́n sì ń yí sí ara wọn. Tí wọ́n bá ti po fúláwà, omi, iyọ̀, ṣúgà, yíìsì àti bọ́tà tán, yóò ṣì rí kókókókó, ojú rẹ̀ á le. Ọkùnrin kan á ti í sáàárín irin méjèèjì, yóò jáde bí aṣọ fífẹ̀. Yóò ká a, yóò tún tì í padà, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ tó léwu ni, nítorí irin kì í mọ ìka yàtọ̀ sí fúláwà, ẹni tó bá ń ṣe é kò gbọdọ̀ wo ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó bá yá, ojú fúláwà náà á dán, gbogbo ihò ńláńlá inú rẹ̀ á parẹ́, yóò sì máa fà láì já.

Wọ́n á wá gé e, wọ́n á wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, wọ́n á yí i gbọọrọ sínú agolo tí wọ́n ti fi òróró pa, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó wú. Ààrò bíríkì ti ń gbóná nígbà náà. Inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń dá igi. Tí bíríkì bá ti gba iná dáadáa, wọ́n á gbá eérú àti ẹyín iná kúrò, wọ́n á fi igi gbọọrọ ti àwọn agolo wọlé, wọ́n á sì pa ilẹ̀kùn dé. Ooru tí ògiri ti gbà mọ́ra ló ń yan búrẹ́dì. Òru ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí búrẹ́dì lè gbóná fún àwọn tó ń jí lọ síbi iṣẹ́.

Orúkọ Agége lẹ̀ mọ́ búrẹ́dì yìí nítorí ibùdókọ̀ rélùwéè. Ilé búrẹ́dì Ayọ̀kúnnú ni àwọn àgbà àdúgbò sábà máa ń dárúkọ tí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà. Àwọn tó ń kiri á lọ kó búrẹ́dì níbẹ̀, wọ́n á sì sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Èrò ọkọ̀ á na owó jáde láti ojú fèrèsé, búrẹ́dì á gba ibẹ̀ wọlé. Búrẹ́dì tí wọ́n rà ní Agége á dé Abẹ́òkúta, á dé Ìbàdàn, ẹni tó bá sì bi èrò ọkọ̀ pé níbo ló ti rí i, á gbọ́ orúkọ ibẹ̀. Báyìí ilé búrẹ́dì ní Muṣin, ní Ìkòròdú, àní ní Àkúrẹ́, lè ṣe búrẹ́dì, kí wọ́n sì máa pè é ní Agége, kò sẹ́ni tó máa bá wọn jà.

Fákítírì ló wá sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́. Láti àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ń ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́ ní Ìkẹjà, nítorí pé Ìkẹjà wà lábẹ́ ìjọba Ìbàdàn nígbà náà. Guinness ṣí iléeṣẹ́ ọtí rẹ̀ síbẹ̀ ní 1962, Dunlop ń ṣe táyà, Nigerian Textile Mills ń hun aṣọ, Cadbury sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agidingbi ní 1965. Iṣẹ́ wọn kì í sùn. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń wọlé láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án, àwọn kan lóru. Agége, Dópẹ̀mú àti Ọ̀gbà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé nítorí pé owó ilé kò wọ́n níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ẹ̀rọ lágogo mẹ́fà kò ní àyè láti rokà. Ó ń fẹ́ nǹkan tó máa dúró nínú títí di ọ̀sán, tí kò ní gba àwo, tí kò ní gba ṣíbí. Ní 1962 yẹn kan náà ni Flour Mills of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Àpápá, fúláwà wá wà nítòsí, kì í ṣe inú ọkọ̀ òkun nìkan mọ́. Nígbà tí onímọ̀ ọrọ̀-ajé Peter Kilby sì fẹ́ kọ ìwé lórí bí àwọn ọmọ Áfíríkà ṣe ń dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, èyí tó jáde ní 1965, iṣẹ́ búrẹ́dì Nàìjíríà ló fi ṣe àpẹẹrẹ.

Àwọn obìnrin tó ti Tógò àti Benin wá ló gbé ohun tí ó yẹ kó wọ inú búrẹ́dì náà wá. Àgànyìn là ń pè wọ́n, ẹ̀wà wọn sì jẹ́ orúkọ wọn. Wọ́n á se ẹ̀wà láì fi iyọ̀ tètè sí i, títí tí yóò fi rọ̀ débi pé ẹ̀yìn ṣíbí lásán á tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ata rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́. Ata gbígbẹ tí wọ́n gún, tí kò kúnná, àti àlùbọ́sà tí wọ́n rẹ́ pọ̀, ni wọ́n ń dín nínú epo pupa tí wọ́n ti yọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà. Iná rẹ̀ kì í ga. Àlùbọ́sà á rọ, á pọ́n, á dúdú, òórùn rẹ̀ á sì gba àdúgbò kan. Ṣúgà inú búrẹ́dì Agége ló ń pàdé ìkorò díẹ̀ tó wà nínú ata yẹn, kò sì sí alásè kan tó jókòó pète rẹ̀. Ojú títì ló kó wọn pọ̀.

Kì í ṣe ẹ̀wà nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Àkàrà ti wà níbẹ̀ tipẹ́, àkàrà gbígbóná méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra. Wàrà náà yẹ kó wà níbẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Àwọn obìnrin Fúlàní ní Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìsẹ́yìn ń fi omi ewé bọ̀mùbọ́mù mú wàrà màlúù dì, wọ́n ń dì í sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi ara rẹ̀ lè ro dànù. Kì í yọ́ tí ènìyàn bá dín in. Nítorí ìyẹn, ẹni tó bá gé e pẹlẹbẹ, tó dín in kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ́n, tó fi ata àti àlùbọ́sà yí i, tó sì kì í sínú búrẹ́dì Agége, ti se oúnjẹ tó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pasítà ará Ítálì láìsí ìtìjú. Nílé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe é, ojú títì kò tíì gbà á tán.

Ìnira ò jìnnà sí iṣẹ́ yìí rí, nítorí Nàìjíríà kò gbin àlìkámà tó máa tó o jẹ. Ní oṣù kìíní 1987, ìjọba Ibrahim Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọ̀lú. Fúláwà wọ́n gógó, ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì sì ti ilẹ̀kùn. Ọdún 1992 ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ potassium bromate dé, kẹ́míkà tí àwọn kan ń fi sí fúláwà kó lè wú dáadáa, èyí tí àwọn onímọ̀ sọ pé ó lè fa jẹjẹrẹ. NAFDAC fòfin dè é, Dora Akunyili sì gbógun ti àwọn tó ń lò ó nígbà tó jẹ́ ọ̀gá àjọ náà. Ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fẹ́ kí wọ́n máa lú ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ fúláwà, ìjọba Goodluck Jonathan tún gbé e dìde. Èrò náà dára fún àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kò ní ìfà tí àlìkámà ní, ìfà yẹn gan-an sì ni irin róbótó méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ní oṣù keje 2022, ẹgbẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì kéde ìdáṣẹ́sílẹ̀ nítorí owó fúláwà àti owó orí àlìkámà. Láti ìgbà tí náírà sì ti já wálẹ̀ ní 2023, búrẹ́dì tí lébìrà ń rà láì ronú ti di ohun tó ń bi ara rẹ̀ léèrè kó tó rà.

Àwọn fákítírì tó bọ́ búrẹ́dì yìí dàgbà ti dín kù. Dunlop dá ṣíṣe táyà dúró ní 2008, Nigerian Textile Mills ti kógbá sílé. Ní oṣù kẹwàá 2024, ọkọ̀ ojú irin Red Line ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Àgbádó àti Òyìngbò, ó sì ń dúró ní Agége àti Ìkẹjà. Ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, ọgbà sì yí ojú irin ká. Oníbúrẹ́dì ti wá sí ìta ibùdókọ̀, lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, níbi tí kẹ̀kẹ́ Maruwa àti ẹlẹ́wà wà. Ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé búrẹ́dì ọmọ Nàìjíríà ń tà á nínú ọ̀rá tí wọ́n kọ Agége sí gàdàgbà, àwọn tó ń rà á sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí wọ́n tó sanwó, láti mọ̀ bóyá yóò gba ẹ̀wà.