Àrùn, Ikú àti Ìmọ́tótó ní Erékùṣù Èkó, 1918 sí 1939

Láàárín ogun àgbáyé kìíní àti èkejì, ọ̀pọ̀ ikú tó ń pa ará erékùṣù Èkó ni kò ṣẹ̀yìn ibùgbé wọn. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé fún mọ́ra, ọ̀nà há, omi ìdọ̀tí sì ń dúró sójú gọ́tà. Garawa ni àwọn agbépóò fi ń kó ìgbẹ́ lóru. Ibà rí ẹ̀fọn lò níbẹ̀, ìgbẹ́ ọ̀rìn rí omi bàjẹ́, ikọ́ ife àti òtútù àyà sì ń ràn láti yàrá dé yàrá.

Ogun kìíní kò tíì parí nígbà tí àrùn inflúẹ́ńsà bá ọkọ̀ òkun wọ èbúté Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918. Láti ibẹ̀ ló ti bá ọkọ̀ ojú irin wọ inú orílẹ̀-èdè lọ.

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn tún dé, èyí tí yọ̀rọ̀ ara eku ń kó ran ènìyàn. Ibà líle ni yóò kọ́kọ́ gbé aláìsàn dè, kókó yóò sì so sí abíyá tàbí ìpìlẹ̀ itan rẹ̀. Láti 1894 ni Alexandre Yersin ti rí kòkòrò àrùn náà ní Hong Kong, ṣùgbọ́n oògùn tó lè pa á nínú ara kò tíì sí: ọdún 1943 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwárí streptomycin. Ohun tó kù ni pé kí wọ́n gbógun ti eku àti ibi tó ń sá sí. Nǹkan bí ọdún 1930 ni àrùn náà tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Nítorí àrùn ara eku yìí ni ìjọba ṣe dá ìgbìmọ̀ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928. Wọ́n wó ilé ní àdúgbò bíi Oko-Awo, wọ́n sì la ilẹ̀ Yábàá fún ilé tuntun. Ṣùgbọ́n Yábàá jìnnà sí ọjà erékùṣù, níbi tí oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé wà.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wọ inú ilé jù ni Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, tó gboyè ìṣègùn ní Glasgow ní 1918. Òun ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó di igbákejì ọ̀gá ìlera ìlú Èkó. Ó dá ètò ìlera ọmọ ilé ìwé sílẹ̀, ó tún ìtọ́jú ìlera èbúté ṣe, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá. Ibẹ̀ ni àwọn wolé-wolé ti kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó máa yẹ àmù omi, ṣáláńgá àti àyíká ilé wò. Ọ̀pọ̀ ló bẹ̀rù wọn nítorí owó ìtanràn, síbẹ̀ iṣẹ́ wọn gba ẹ̀mí là.

Ìmọ́tótó ló dènà ikú kí oògùn tó dé. Ẹ jẹ́ kí a béèrè gọ́tà tó ń ṣàn, omi tó mọ́ àti ilé tó gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, bí a ṣe ń béèrè ilé ìwòsàn.